Òrùlé Tó Ní Òòyà Lórí

Kí ẹlòmíràn tó bà á jẹ́ fún mi, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Èmi Dára Ògúndípẹ̀, káfíńtà, èmi ni mo kan òrùlé Ìyá Rẹ̀mí tó fò lọ́dún tó kọjá. Àwọn kan ń sọ káàkiri Odòde, ìlú wa ní Ìdànrè, pé iṣẹ́ mi ni ò dáa. Irọ́ ni. Iṣẹ́ mi dáa débi pé nígbà tí òrùlé yẹn máa fò, odindi ló fò. Tàwọn káfíńtà yòókù máa ń fò ní wẹ́wẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ. Tèmi gbéra bí ọkọ̀ òfúrufú, ó yí òkè ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó wo ìlú dáadáa, kó tó wá rọra balẹ̀ sórí pèpéle tí wọ́n ti ń sá kòkó lẹ́yìn ilé kejì. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ, pé kò sì yí nǹkan kan ká. Ojú wọn ni ò dáa.

Kò sí káfíńtà tó tó mi láti Ọwẹ̀nà dé Òfósù. Tí mo bá ti gbé òòlù, ìṣó á ti máa wọlé fúnra rẹ̀ kí n má baà bínú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ṣe ń gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, torí ó níbi tí ẹ máa dé tí ẹ máa fẹ́ gbàgbé rẹ̀.

Ìyá Rẹ̀mí ló tọ́ mi, òun kọ́ ló bí mi. Bàbá mi kì í ṣe ọmọ Ìdànrè. Láti Ìrágbìjí ló ti wá bá ọkọ Ìyá Rẹ̀mí, Bàbá Adétáyọ̀, ṣe oko kòkó, èmi ló sì mú dání. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bàbá mi ní òun ń lọ sílé lọ sìnkú, pé òun á dé lọ́jọ́ karùn-ún. Ọjọ́ karùn-ún yẹn ò tíì pé, ọdún kẹrìndínlógún rèé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹfà, Ìyá Rẹ̀mí ò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó kàn tẹ́ ẹní kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀, ó ní kí n lọ fọ ẹsẹ̀ mi. Bó ṣe di màmá mi nìyẹn. Bàbá Adétáyọ̀ ló fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Nígbà tí bàbá sì kú, ọdún kẹta rèé, iwájú ilé ni wọ́n sin ín sí, wọ́n fi símẹ́ńtì dán ojú sàréè náà.

Láti ìgbà yẹn, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, Màmá á gbé àpótí rẹ̀ síta, á jókòó ti sàréè, á máa ṣa ẹ̀wà tàbí kó máa bó ẹ̀gúsí, á sì máa ròyìn fún Bàbá. Ẹni tó bímọ, ẹni tí kòkó rẹ̀ bu, ẹni tó kọjá tí kò kí òun. Nígbà míì á bá a jà, á dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ èsì, á tún bá a jà lọ. Oòrùn ń pa á níbẹ̀, òjò ń pa á. Èmi náà ń wò ó, ó ń dùn mí.

Nítorí náà nígbà tí òrùlé àtijọ́ jẹrà, tí mo fẹ́ kan tuntun, mo pinnu pé màá ṣe nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí. Fíìtì méjì ni gbogbo ayé ń fa etí òrùlé jáde. Èmi fa tiwájú ilé Màmá jáde ní fíìtì mẹ́fà gbáko, mo fi òpó méjì gbé e nídìí, ó ṣíji bo sàréè àti àpótí àti Màmá fúnra rẹ̀. Àwọn èèyàn wá láti Aládé wá wò ó. Wọ́n wá láti Àkúrẹ́. Òyìnbó kan tó fẹ́ gun òkè yà wo òrùlé mi, ó ní òun ò gun òkè mọ́, òun ti rí ohun tí òun wá wò.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo wọ sùtánà mi, mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo jẹ́rìí. Àṣà wa nìyẹn. A máa ń dúpẹ́ òrùlé kí òjò àkọ́kọ́ tó dán an wò, mi ò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní Ọlọ́run ló lo ọwọ́ mi, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó rí lò náà dáa. Mo ní bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, kó kó bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ wá, òrùlé yẹn á ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n mumi. Wòlíì ti ṣe àmín kí n tó parí, bóyá kí n lè jókòó. Màmá ń fa etí sùtánà mi nísàlẹ̀. Mi ò jókòó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nínú oṣù kẹta, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ kó àwọn bàbá rẹ̀ wá.

Ọlọ́run ṣe é, Màmá wà ní ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó padà délé, ó wo òkè, ó rí sánmọ̀ nínú yàrá rẹ̀. Ibùsùn ti mumi yó. Kò wo ibùsùn lẹ́ẹ̀mejì. Ó jáde, ó lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ sàréè, ó fi ọwọ́ nu iyanrìn orí rẹ̀, ó ní, "Bàbá Rẹ̀mí, ṣé kò bà yín?"

Ẹnu Ìdànrè ló fi sọ ọ́, mo yí i padà díẹ̀ kí ará Ìbàdàn lè gbọ́. Ẹ̀yìn ògiri ni mo wà nígbà tó sọ ọ́. Mo wà níbẹ̀ pẹ́.

Àǹtí Rẹ̀mí, ọmọ tí Màmá bí, dé lọ́jọ́ kejì láti Òfósù, níbi tó ti ń ta búrẹ́dì àti ohun mímu fáwọn èrò ọ̀nà Benin. Mo ti múra sílẹ̀ fún ariwo. Kò pariwo. Ó fi ọwọ́ tẹ ibùsùn, omi jáde. Ó wo òpó méjì tó dúró láwọn nìkan níwájú ilé. Ó wá sọ fún Màmá pé ká tún òrùlé yẹn kàn, ó dáa, ṣùgbọ́n tó bá tún fò, ọkọ̀ ni òun máa gbé wá. Òun á ti ilé yìí pa, Màmá á sì bá òun lọ sí Òfósù. Ó ní òun ò lè máa ta búrẹ́dì kí òun máa wo sánmọ̀ pé bóyá ó ti wó lu ìyá òun.

Sàréè ni Màmá ń wò. Bí ẹni ń bi í pé, Ṣé ẹ gbọ́?

Mo la ẹnu láti sọ pé òrùlé tí màá ṣe lọ́tẹ̀ yìí, ìjì tó bá rí i á kúnlẹ̀. Àǹtí Rẹ̀mí yíjú sí mi. Ó ní, "Dára, jọ̀ọ́. Má sọ nǹkan kan." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ìyẹn ló jẹ́ kó wọ̀ mí lára.

Mo kó páànù wọ̀nyẹn padà, mo fi òòlù na àwọn tó ti ká kò títí wọ́n fi tọ́, mo tún un kàn bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, fíìtì mẹ́fà rẹ̀ àti òpó rẹ̀, ṣùgbọ́n mo lo ìṣó tó gùn bí ọ̀kọ̀. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe, mo gbé búlọ́ọ̀kù àti táyà àlòkù sórí rẹ̀ kó lè wúwo. Màmá jáde, ó wò ó, ó ní kí n kó wọn sọ̀kalẹ̀. Ó ní tí afẹ́fẹ́ bá lè gbé òrùlé, ó lè gbé búlọ́ọ̀kù náà, orí òun ló sì máa gbé e kalẹ̀ sí. Mo kó wọn sọ̀kalẹ̀. Kò sí ohun tó kù tí mo mọ̀. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣí mi lójú, tùràrí ni.

Ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, Màmá máa ń finná sí tùràrí nínú àwo kékeré kan, á gbé e síwájú ilé, á gbàdúrà. Lọ́jọ́ náà mo jókòó lórí àkàsọ̀ tí mo ti ń wo iṣẹ́ mi, inú mi bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ń bọ̀ láti àárín òkè méjì tó kọjú sí ilé, ibi tó máa ń gbà wá náà nìyẹn. Èéfín tùràrí gòkè wọ abẹ́ etí òrùlé mi tó gùn, ó kan páànù, kò rí ọ̀nà. Ó ṣú jọ síbẹ̀ bí èrò tó ń dúró de ọkọ̀ lọ́jọ́ ọjà, ó ń ti páànù sókè. Díẹ̀ nínú rẹ̀ yọ́ jáde létí, mo rí i tó ká sókè bí ìka ọwọ́, tó tún ká padà sórí òrùlé, tó ń fẹsẹ̀ yí po níbẹ̀, tó ń fà á.

Ẹnì kan ń tì í nísàlẹ̀. Ẹnì kan ń fà á lókè. Òrùlé wo ló máa dúró?

Gbogbo ìgbà ni mo ti rò pé ńṣe ni afẹ́fẹ́ máa ń já lu òrùlé lójú, bí màlúù tó fẹ́ kàn án. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń gbé e ni, bí èèyàn ṣe ń gbé ìdérí ìkòkò.

Màmá parí àdúrà, ó rí mi tí mo la ẹnu sílẹ̀, ó rò pé ebi ni. Mo ní kó wo èéfín. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ó ń wá ọ̀nà. Ìwọ lo dí i."

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi Prosper, fọ́kanáísà tó wà ní oríta, tó ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà. Prosper ń jẹ ẹ̀bà. Mo fi páálí bísíkíìtì ṣe ilé, mo gé agolo mílíìkì fi ṣe òrùlé, mo fa etí rẹ̀ jáde bí mo ṣe fa tilé. Tùràrí, ọwọ́ Màmá ni mo ti gbà á. Mo ní ìwádìí kan ni mo fẹ́ ṣe tí àwọn òyìnbó ò tíì ronú débẹ̀. Ó ní kí n má sun ún tán. Mo sun ún tán.

Mo ní kí Prosper na ọ̀pá afẹ́fẹ́ sí ilé náà láti ọ̀ọ́kán, kó rọra ṣí i. Kò tíì ṣí i dé ìdajì tí òrùlé fi fò, ó bà sínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ó yọ ọ́, ó lá a, ó ní, "Ọ̀gá Dára, na like this you build am for Mama?" Àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró de táyà wọn rẹ́rìn-ín títí tí ọ̀kan fi jókòó sílẹ̀.

Mo gé etí gígùn yẹn kúrò lára òrùlé, mo gbé e kalẹ̀ lórí òpó tiẹ̀ lọ́tọ̀, mo fi àlàfo tó ìka kan sí àárín wọn. Prosper ṣí afẹ́fẹ́. Ti iwájú fò lọ, ti ilé dúró. Ṣùgbọ́n etí páànù rẹ̀ ń gbọ̀n bí eyín ẹni tí ibà mú, èéfín ṣì ń ká lé e lórí. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó. Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà, Happiness, tó ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, fi ìgbálẹ̀ lé èéfín kúrò lójú, èéfín gba àárín ọwọ̀ ìgbálẹ̀ kọjá, ó di fọ́nrán fọ́nrán, kò ká mọ́. Mo já ìgbálẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣẹ́ ọwọ̀ náà ní kékeré kékeré, mo tò wọ́n ní ìnàró sí etí òrùlé agolo, pẹ̀lú àlàfo láàárín wọn. Prosper ṣí afẹ́fẹ́ dé òpin. Èéfín wọ inú ọwọ̀, ó fọ́, ó gba orí òrùlé kọjá lọ ní jẹ́jẹ́ bí àgbà tó ń ti ìsọjí bọ̀. Agolo ò mira.

Prosper ní ilé mi ti ní òòyà lórí. Mo ní afẹ́fẹ́ Ìdànrè ló nírun gígùn, ó yẹ kí wọ́n máa yà á fún un kó tó wọlé ẹni.

Ẹ wò ó, gbogbo ìyẹn rọrùn. Ohun tó ṣòro ni kí n lọ sọ fún Màmá.

Mo bá a lórí àpótí rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo ti to ọ̀rọ̀ jọ láti oríta, ọ̀rọ̀ tó gùn, tó ní ìmọ̀ nínú. Nígbà tí mo débẹ̀, gbogbo rẹ̀ fò lọ bí òrùlé.

Mo ní, "Màmá, etí òrùlé tí mo fà jáde yẹn ni. Òun ni afẹ́fẹ́ dì mú. Torí yín ni mo ṣe fà á, òun ló sì ṣí ilé yín."

Kò gbójú sókè. Ó ju òkúta ẹ̀wà kan nù. "Mo mọ̀ pé torí mi ni."

"Mo fẹ́ gé e kúrò. Màá ṣe òmíràn fún Bàbá, tí kò ní kan tilé. Tí ìjì bá dé, tiwájú yìí lè lọ, ṣùgbọ́n kò ní mú tilé dání."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. Ó wo sàréè fún ìgbà pípẹ́, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ń jíròrò, mo wo ibòmíràn.

"Bàbá Rẹ̀mí ò bẹ̀rù òjò nígbà ayé wọn," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Gé e."

Mo gé e, mo gbé ti Bàbá kalẹ̀ lórí òpó tiẹ̀ lọ́tọ̀. Mo mú wáyà gba inú ògiri, mo fi so igi òrùlé kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀. Òòyà ló kù. Mo fẹ́ lo ọparun, ṣùgbọ́n Màmá gun àpótí, ó fa ẹní kòkó Bàbá jáde lókè àjà, àwọn ẹní tí Bàbá fúnra rẹ̀ fi ọ̀pá ògùrọ̀ hun, tí afẹ́fẹ́ máa ń gba àárín wọn wọlé kí kòkó lè gbẹ. Òórùn kòkó ṣì wà lára wọn. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sá kòkó lé wọn mọ́, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ kí ikán jẹ wọ́n. Mo gé wọn sí ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan, mo gbé wọn nàró yí etí òrùlé ká, mo kàn wọ́n mọ́ igi gbọnin gbọnin. Ìṣó tí mo lò, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Ó dáa, ọgọ́rùn-ún mẹ́ta.

Odòde fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n sọ ilé náà ní Ilé Olóòyà. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń béèrè lọ́wọ́ mi ìgbà tí mo máa dirun fún un. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wòlíì wo ọ̀dọ̀ mi nígbà tó kan ìjẹ́rìí, bí ẹni pé ẹ̀rù ń bà á. Mo jókòó.

Ọjọ́bọ̀ kan ní ìparí oṣù kẹrin, mo wà lórí òrùlé oníbàárà kan ní Aládé nígbà tí mo rí eruku tó dìde lẹ́yìn òkè, pupa, tó ga ju òkè lọ. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo fò sẹ́yìn ọ̀kadà. A sáré débi pé òjìji wa ò bá wa, ọjọ́ kejì ló tó dé. Nígbà tí mo wọlé, sánmọ̀ ti dúdú, afẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀kùn.

Màmá jókòó létí ibùsùn. Báàgì kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo rí etí sùtánà rẹ̀ tó yọ lẹ́nu síìpù, àti Bíbélì rẹ̀, àti fọ́tò Bàbá tó máa ń wà lára ògiri. Ó ti di ẹrù Òfósù fúnra rẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ má baà ní wàhálà.

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ibi tí ẹní mi máa ń wà nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Afẹ́fẹ́ dé orí ilé. Òòyà bẹ̀rẹ̀ sí í fọn bí ọgọ́rùn-ún fèrè.

Mo ní, "Màmá, mi ò mọ̀ bóyá ó máa dúró."

Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ọwọ́ rẹ̀ ń run ẹ̀gúsí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ọjọ́ tí wàá sọ pé o ò mọ nǹkan kan," ló wí. "Jókòó. Bó bá lọ, á bá àwa méjèèjì níbí."

Ìró kan wá níta, gbàmù, bí ẹni fa aṣọ ńlá kan ya. Ilẹ̀ mì. Màmá di orí mi mú. Ó ní ó ti lọ. Mo gbójú sókè, mo ń retí sánmọ̀. Àjà ni mo rí. Àjà gbígbẹ, pẹ̀lú òṣùwọ̀n tí mo fi pẹ́ńsù kọ sára igi, tí mo ṣe àṣìkọ rẹ̀. Igi ń ké, wáyà ń dún tín-ín, òòyà ń fọn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó gbéra. Òjò dé. Ibì kan ṣoṣo ló ń jò, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ojú ìṣó kan tí mo kàn wọ́. Màmá fi ẹsẹ̀ ti abọ́ kan síbẹ̀.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ lọ tán tí òjò ṣẹ́kù, ó dìde, ó mú agboòrùn rẹ̀, ó jáde. Mo tẹ̀ lé e. Òrùlé iwájú ti lọ, páànù rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òpó méjì dúró. Òjò ń lu sàréè. Màmá lọ dúró níbi orí rẹ̀, ó na agboòrùn sí i lókè, ẹ̀yìn òun fúnra rẹ̀ wà nínú òjò. Mo lọ dúró tì í, mo gba agboòrùn, mo gbé e ga díẹ̀ kó lè tó wa. Àwa mẹ́ta la wà lábẹ́ agboòrùn kan.

Ó ní, "Bàbá Rẹ̀mí, ẹ má bínú. Tiyín ló lọ. Tèmi ṣì wà."

Ibẹ̀ ni fóònù ti dún lápò mi. Àǹtí Rẹ̀mí ni. Ìròyìn ìjì ti dé Òfósù. Ó ní kí n sọ bó ṣe rí.

Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ìjì náà le. Páànù mẹ́rin iwájú lọ. Ti ilé ò lọ. Màmá wà níbí."

Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ bẹ́ẹ̀.

"Dára," ló ní, "ṣé ara rẹ yá?"

Kò gbà mí gbọ́ náà ni. Táksì gbé e dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú báàgì ńlá méjì tó ṣófo, àwọn tó ní igun mẹ́rin tí wọ́n fi ń kó ẹrù. Ó wọlé láì kí mi. Ó fi ọwọ́ tẹ ibùsùn, kò sí omi. Ó gbójú sókè, ó yí po lábẹ́ àjà láti igun kan dé èkejì. Ó jáde, ó wo òòyà, ó dá ẹní kòkó bàbá rẹ̀ mọ̀, mo mọ̀ torí ó gbé ọwọ́ bo ẹnu. Ó tún wọlé. Ó rí báàgì kékeré tí Màmá dì, tó ṣì wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn.

Ó jókòó sílẹ̀, ó ṣí i. Ó yọ sùtánà, ó fi kọ́ sórí ìṣó rẹ̀. Ó yọ Bíbélì, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Ó yọ fọ́tò bàbá rẹ̀, ó fi aṣọ rẹ̀ nu ún, ó gbé e padà sára ògiri. Ó wọ́, ó tún un ṣe. Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó, ó fi ìbòrí nu ojú.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti iṣu ni báàgì ńlá méjèèjì gbé padà sí Òfósù. Èmi ni mo gbé wọn sínú táksì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó erin tó lóyún. Àǹtí Rẹ̀mí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń fi bàtà fa ilẹ̀. Ó ní òrùlé ṣọ́ọ̀bù òun náà máa ń pariwo tí àwọn ọkọ̀ ńlá bá kọjá, tí afẹ́fẹ́ bá tún wá dé e. Ó béèrè bóyá mo lè wá wò ó.

Ẹnu mi tún wọ sùtánà ìjẹ́rìí. Mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀, pé òrùlé tí mo bá kàn ní Òfósù, Benin á máa rí i, ìjì tó bá gba ọ̀nà yẹn á ní láti...

"Dára," ni Màmá pè, láti orí àpótí rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, nínú oòrùn.

Mo wo òpó méjì tí mo ní láti tún bò fún un kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà."